Àkísà Bí Àgbà: Bí Aṣọ Àbùlẹ̀ Ṣe Ń Sọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìgbà tí a bá fẹ́ kìlọ̀ fún ọmọdé pé kó má fi ara rẹ̀ wé ẹni tó jù ú lọ la máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Òwe náà ń sọ pé àkísà ni ẹ̀rí ọjọ́ orí. Aṣọ tuntun, ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ lè rà á ní Bàlógun kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí. Àkísà kò ṣe é rà bẹ́ẹ̀. Àfi kí ọdún gorí ọdún.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Olówógbowó, Pópó Àgùdà àti Ìta Fájì, àpótí kan máa ń wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kì í sábà ṣí. Aṣọ àwọn ìyá tó ti lọ ló ń bẹ nínú rẹ̀. Nígbà míì, ẹ ó bá ìbora kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé àbùlẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀: ègé adìrẹ, ègé àrán, ègé òfì, ègé léèsì, ègé ankárá, tí ẹnì kan fi sùúrù rán pọ̀ láti inú ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ télọ̀. Bí ẹ bá bèèrè pé láti ìgbà wo ló ti wà, ìdáhùn kì í pẹ́ jáde: "Háà, ìyẹn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìyá ìyá wa àgbà ló rán an, láyé ọba Dòsùnmú."

Dòsùnmú jọba láti 1853 títí di 1885. Òun ló wà lórí ìtẹ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́dún 1861. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, ohun ìyanu ni ìbora yẹn. Báwo la ṣe máa mọ̀? Aṣọ kò ní ìwé ẹ̀rí ìbí. Àmọ́ ó ní ẹnu, ó sì ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò. Òfin kan ṣoṣo ni olórí gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní kíákíá: aṣọ àbùlẹ̀ kò lè dàgbà ju ègé tó kéré jù lọ lára rẹ̀.

Ẹ má wo ègé tó gbó jù. Ègé tó tuntun jù ni kí ẹ wá.

Ìbora tí kò ní ètò

Ní Amẹ́ríkà, láàrin nǹkan bí ọdún 1880 sí 1890, irú ìbora kan gbòde láàrin àwọn obìnrin. Crazy quilt ni wọ́n ń pè é. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé àwọn ègé inú rẹ̀ kò dọ́gba, wọn kò sì tò lẹ́sẹẹsẹ. Onígun mẹ́ta máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígun márùn-ún, sẹ́dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrán, táì bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríbọ́ọ̀nù ọmọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àfihàn ńlá ti ọdún 1876 ní Philadelphia, níbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Japan, wà lára ohun tó ta wọ́n jí sí àṣà náà.

Àwọn tó ń tọ́jú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lónìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọdún lára rẹ̀. Wọ́n á wá ríbọ́ọ̀nù ìdìbò ààrẹ tí ẹnì kan rán mọ́ ọn. Wọ́n á wo sẹ́dà tó ń fà ya fúnra rẹ̀, nítorí pé ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò máa ń fi èròjà irin sí sẹ́dà kó lè wúwo, irin yẹn ló sì ń jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n á wo àwọ̀, wọ́n á wo òwú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó sọ pé "kò lè ju ọdún báyìí lọ."

Iṣẹ́ àbùlẹ̀ yìí dé ìhà ọ̀dọ̀ tiwa náà. Martha Ann Ricks, tí wọ́n bí sí oko ẹrú ní Tennessee, tó sì dé Liberia nígbà tó wà lọ́mọdé, rán ìbora kan tó ní àwòrán igi kọfí. Ní oṣù Keje ọdún 1892, ó gbé e lọ bá Ọbabìnrin Victoria ní Windsor. Àwọn ìwé ìròyìn kọ nípa ìpàdé yẹn. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹ̀yìn ọdún 1892 ni wọ́n rán ìbora náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ègé tó tuntun jù lára aṣọ ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ fún wa: "ẹ má wá mi ṣáájú ọdún yìí." Ìwé, tàbí fótò tí aṣọ náà hàn nínú rẹ̀, ń sọ òpin: "wọ́n ti rán mi tán nígbà yìí." Àárín àwọn méjèèjì ni òtítọ́ wà.

Ẹ̀kú kan, aṣọ tó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ

Bí a bá ń wá ohun tó sún mọ́ crazy quilt jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀kú egúngún ni. Ọ̀rọ̀ awo kọ́ la fẹ́ sọ o, ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Ẹ wo ẹ̀kú tó ní ègé aṣọ gbọọrọ-gbọọrọ tó ń rọ̀ yí i ká, tí etí wọn ní eyín bíi ti ayùn, tí ọ̀kan wà lórí èkejì. Àrán, dàmáásìkì, òfì, ṣíìtì, ohun tí agbo ilé bá ní tó dára ni wọ́n ń lò. Bí ọdún ṣe ń yí po, wọ́n á máa fi tuntun kún ti tẹ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé ti àtijọ́ lè fara pa mọ́ sísàlẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú ẹ̀kú bẹ́ẹ̀ wà ní Brooklyn Museum ní New York. Agbo ilé Lékèwọ̀gbẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá. Lọ́dún 2019, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ṣe odindi àfihàn kan lórí ẹ̀kú kan ṣoṣo yìí. Aṣọ tó wà lára rẹ̀ ju ọ̀ọ́dúnrún lọ, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sí i ni nǹkan bí 1920 sí 1948.

Ṣé ẹ rí i pé wọn kò kọ ọdún kan pàtó? Ọdún méjì ni wọ́n kọ, wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ láàrin wọn. Ìwà ọmọlúàbí ni nínú iṣẹ́ ìtàn. Lára ohun tí wọ́n kà mọ́ ẹ̀kú náà ni òwú, irun àgùntàn, sẹ́dà, àti àwọn okùn tí ilé iṣẹ́ fi kẹ́míkà ṣe, bíi viscose àti acetate. Ẹni tó bá mọ̀ pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni okùn acetate ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí àwọn ahunṣọ lè rà lọ́jà máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ègé tó ní in lára kò lè jẹ́ ti ayé àwọn bàbá ńlá tó ja ogun Kírìjì. Ẹ̀kú náà lè ní ègé tó ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú. Àmọ́ bí a ṣe rí i yìí, odindi, ọ̀rúndún tó kọjá ló parí sí.

Kí ló kan Èkó níbẹ̀? Èbúté Èkó ni ọ̀pọ̀ aṣọ òyìnbó gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn, tí afárá Carter náà sì ṣí lọ́dún 1901, ohun tó bá wọ Ẹrékùṣù lónìí lè dé òkè láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ẹ̀kú Ògbómọ̀ṣọ́ lè ti mu nínú kànga kan náà. Nítorí náà, ọ̀nà kan náà la lè gbà bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Àwòrán kì í yára kú

Ibi tó rọrùn jù ni ká ti bẹ̀rẹ̀: àwòrán àti lẹ́tà ara aṣọ.

Adìrẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Olóba. Ẹ̀kọ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, páànù tí wọ́n gé àwòrán sí lára ni wọ́n sì fi ń tẹ ẹ̀kọ náà sórí aṣọ. Àárín rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọba àti ayaba tó dé adé. Ọba George Karùn-ún àti Ayaba Mary ni. Oṣù Karùn-ún ọdún 1935 ni wọ́n ṣe àjọ̀dún ọdún karùndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ lórí ìtẹ́, gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ló sì bá wọn ṣe é, Èkó náà sì wà nínú wọn. Nítorí náà, bí ègé Olóba bá wà nínú ìbora yín, wọn kò lè ti rán ìbora náà ṣáájú 1935.

Ṣùgbọ́n níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á rí ọba George, wọ́n á ní "aṣọ ọdún 1935 nìyí." Rárá o. Ọba náà wàjà ní oṣù Kínní ọdún 1936, ṣùgbọ́n páànù kò kú. Àwọn oníṣẹ́ ń tẹ Olóba lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn nítorí pé ó ń tà. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ya àwòrán yàtọ̀ sí ọjọ́ tí a tẹ aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹni. Bákan náà ni Ìbàdàndùn, adìrẹ tí ẹ ó ti rí òpó gbọ̀ngàn Mápó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó. Adìrẹ tó bá ní òpó Mápó lára kò lè ju gbọ̀ngàn náà lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó lè kéré sí i pẹ̀lú ogójì ọdún.

Ankárá àti àwọn aṣọ ìrántí máa ń là á mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ilé iṣẹ́ ńlá tẹ̀ wọ́n fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Aṣọ tó ní àwòrán Ọbabìnrin Elizabeth pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ sí Nàìjíríà máa ń tọ́ka sí ìbẹ̀wò rẹ̀ ní oṣù Kínní sí Kejì ọdún 1956. Èyí tó ní àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun jẹ́ ti ìgbà òmìnira sókè, ìyẹn 1960. Èyí tó ní ojú ère Idia, tó sì kọ FESTAC sí i, 1977 ló ń wí.

Àmọ́ máàpù ni àwa fẹ́ràn jù. Bí máàpù Nàìjíríà bá wà lára ègé aṣọ kan, tí wọ́n sì fa ìlà ìpínlẹ̀ sí i, ẹ jókòó kí ẹ kà á. Ìpínlẹ̀ méjìlá ni a ní láti 1967, tí Ìpínlẹ̀ Èkó wà lára wọn. Wọ́n di mọ́kàndínlógún lọ́dún 1976, mọ́kànlélógún lọ́dún 1987, ọgbọ̀n lọ́dún 1991, mẹ́rìndínlógójì lọ́dún 1996. Ológun ń pín ilẹ̀, wọn kò mọ̀ pé àwọn ń bá wa kọ ọjọ́ sára aṣọ. Owó náà ń sọ̀rọ̀. Aṣọ tó bá ní àwòrán náírà kò lè ṣáájú oṣù Kínní ọdún 1973, nígbà tí a fi pọ́n-ùn àti ṣílè sílẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé etí aṣọ. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ègé tó bá sọ pé Kaduna tàbí Ikeja ni wọ́n ti tẹ òun ti jẹ́wọ́. Ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1957, àwọn tó pọ̀ jù tó ń tẹ ankárá nílẹ̀ wa sì dìde láàrin 1960 sí 1969. Ó mà ṣe o, etí yìí gan-an ni télọ̀ kọ́kọ́ máa ń gé dànù.

Aró lè tanni jẹ

Àwọn kan á ní, "Ẹ wo bí ó ṣe dúdú, aró èlú gidi nìyí, aró àtijọ́." Ẹ rọra. Lọ́dún 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì gbé aró òyìnbó tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe jáde sọ́jà. Kẹ́míkà tó ń mú un dúdú kò yàtọ̀ sí ti inú ewé èlú. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ aró òyìnbó àti sódà di wàhálà ńlá. Wọ́n fi òfin dè é láyé Aláké Adémọ́lá Kejì, àwọn ìyá aláró kọ̀ jálẹ̀, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ adìrẹ lọ́dún 1936. Nítorí náà, àwọ̀ dúdú nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọ̀ tó ń tàn ló ń tú àṣírí. Títí di ọdún 1856 tí William Perkin ṣèèṣì rí àwọ̀ àlùkò níbi tó ti ń dán kẹ́míkà wò ní London, ewé, èèpo, gbòǹgbò àti kòkòrò ni gbogbo ayé fi ń pa aṣọ láró. Pupa rẹ́súrẹ́sú, àlùkò àti ewéko tó ń dán gbinrin wá lẹ́yìn ìyẹn. Adìrẹ aláràbarà tí wọ́n sọ ní kàǹpálà kò sí nínú àpótí àwọn ìyá ìyá wa àgbà. Bí ègé kàǹpálà bá wà nínú ìbora, ẹ má darúkọ Dòsùnmú mọ́.

Òwú àti ojú abẹ́rẹ́

Ẹ fi ọwọ́ pa á. Òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ran kì í dọ́gba, á nípọn níbì kan, á tín-ínrín níbòmíì. Òwú ilé iṣẹ́ máa ń rí bákan náà láti òkè délẹ̀. Ègé ẹtù tí òwú ìdàgbé àti ìhunṣọ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ti ọwọ́ lè ti pẹ́ gan-an. A sọ pé ó "lè", torí pé àwọn ìyá kan ṣì ń ran òwú nígbà tí ojú ayé ti là.

Iná tún ń sọ òtítọ́. Ẹ fa okùn kan ṣoṣo yọ láti ìdí rírán, okùn kan o, kì í ṣe aṣọ, kí ẹ gbé e jìnnà sí ìbora, kí ẹ fi iná kàn án. Òwú á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á kúnná. Sẹ́dà àti irun àgùntàn á rùn bí irun tó jóná. Náílọ́ọ̀nù àti pọlíẹ́sítà á yọ́, wọ́n á sì di kóró líle. Ọdún 1938 ni ayé kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náílọ́ọ̀nù. Pọlíẹ́sítà, 1941 ni wọ́n rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn 1950 ló sì tó di ohun tó wà ní gbogbo ọjà. Òwú ìránṣọ tó bá yọ́ nínú iná ti sọ fún yín pé lẹ́yìn Ogun Hitler ni ọwọ́ tó rán aṣọ yẹn ṣiṣẹ́.

Léèsì ńkọ́? Léèsì tí gbogbo Èkó fi ń ṣe òde, iṣẹ́ àwọn ará Austria ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ọdún 1960 sókè ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Ìgbà tí owó epo dé ló wá di àrà. Lọ́dún 2011, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn ṣe àfihàn lórí ìtàn léèsì yìí gan-an. Bákan náà ni òfì tó ní okùn dídán bíi góòlù, tí wọ́n ń pè ní ṣáìn-ṣáìn. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe irú okùn yẹn.

Ó wá ku ojú abẹ́rẹ́. Ẹ yí aṣọ náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Rírán ọwọ́ máa ń gun, á kúrú, bí ọwọ́ bá ṣe rẹ ẹni tó ń rán an. Ẹ̀rọ ìránṣọ máa ń dọ́gba, okùn méjì ló sì ń lò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ilé iṣẹ́ Singer bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1851 ní Amẹ́ríkà. Rírán ẹ̀rọ nìkan kò wá lè dín ọdún kù púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò gan-an fún aṣọ tí kò ní àwòrán. Ẹ ro ti Ẹ̀yọ̀ wò. Àwọn èèyàn sábà máa ń tọ́ka sí 1854, lẹ́yìn ikú ọba Akíntóyè, gẹ́gẹ́ bí ọdún tí Ẹ̀yọ̀ kọ́kọ́ jáde ní gbangba. Bí ẹbí kan bá mú agbádá funfun jáde, tí wọ́n ní ti ọjọ́ náà ni, kò sí àwòrán, kò sí àwọ̀. Ojú abẹ́rẹ́ àti òwú nìkan ló lè fọhùn.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò

Ká ní ìbora kan wà níwájú wa. A rí ègé ẹtù tó jẹ́ òwú ọwọ́. A rí ègé Olóba. A rí ankárá tó ní máàpù ìpínlẹ̀ méjìlá. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi rán an, òwú rírán rẹ̀ sì yọ́ nínú iná. Fótò ìkómọjáde kan wà nínú ilé tó ní déètì 1981 lẹ́yìn, ìbora náà sì tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì nínú fótò yẹn.

Ẹtù ní òun lè jẹ́ ti ayé Dòsùnmú. Olóba ní kò ṣáájú 1935. Òwú rírán ní kò ṣáájú 1950. Máàpù ní kò ṣáájú 1967. Máàpù ló kéré jù, òun ló bórí. Fótò sì ní kò kọjá 1981. A ti dé ibi tí a ń lọ: láàrin 1967 sí 1981 ni wọ́n rán an. Láti ikú Dòsùnmú sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún méjìlélọ́gọ́rin.

Ó ku ìbéèrè kan. Ṣé ègé máàpù yẹn wà lára ìbora láti ìbẹ̀rẹ̀, àbí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nígbà tí ibì kan ya? Ẹ wo etí rẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá wọ abẹ́ ègé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí òwú kan náà sì mú wọn pọ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọlé. Bó bá gun orí ègé míì tó ti ya, tí òwú rẹ̀ sì yàtọ̀, àtúnṣe ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, kí ẹ wá èyí tó tún kéré tẹ̀ lé e.

Ta ló rán an?

Àwọn kan nínú ilé á bínú. Wọ́n á ní a ti ba ìtàn jẹ́, a ti gba aṣọ lọ́wọ́ ìyá àgbà. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹtù yẹn ṣì lè jẹ́ tirẹ̀, kó jẹ́ pé òun ló fi gbé ọmọ pọ̀n. Ọmọ rẹ̀ lè ti ra Olóba nígbà àjọ̀dún ọba òyìnbó. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wá jókòó sídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tó kó gbogbo rẹ̀ jọ. Obìnrin mẹ́ta ni. Ìtàn ẹnu ti pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, ó sì fi gbogbo iṣẹ́ náà fún ẹni tó jìnnà jù, torí pé ohun tó bá jìnnà la máa ń bọ̀wọ̀ fún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá nìyí. Orúkọ àwọn ọkùnrin Èkó àtijọ́ wà nínú ìwé ilẹ̀, nínú ìwé kóòtù, lára òpópónà. Ìyá tó rán ìbora lọ́dún 1970 kò ní ìwé kankan. Ìbora yẹn ni ìwé rẹ̀. Bí a bá ní Dòsùnmú ló layé nígbà tí wọ́n rán an, òun gan-an la pa rẹ́. Ó sì ṣeé ṣe kó ṣì wà láàyè, lórí àga ní pálọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í.

Àkókò sì ń lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó Ilojo Bar ní Tinubu Square lulẹ̀, ilé àwọn Àgùdà tí ìjọba ti kà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Bí ilé tí òfin dáàbò bò bá lè lọ bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n bá ta ilé ẹbí, tí bọ́ńdósà dé? Wọ́n á kó o dà sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn míì á fi omi gbígbóná àti búlíìṣì fọ̀ ọ́ kó lè mọ́, wọ́n á sì fọ ẹ̀rí dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún délé, ẹ ṣí àpótí náà. Ẹ má fọ aṣọ, ẹ má gé e. Ẹ tẹ́ ẹ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ fi fóònù ya iwájú rẹ̀, ya ẹ̀yìn rẹ̀, ya etí rẹ̀, ya ègé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wá fótò àtijọ́ tó hàn nínú rẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn fótò náà bóyá ẹnì kan kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà tó wà nílé. Ẹ má bèèrè pé "ọdún mélòó ni aṣọ yìí?" Ìdáhùn ìyẹn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ìka tọ́ ègé tó tuntun jù, kí ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí ńkọ́? Aṣọ ta ni? Ta ló rán an mọ́ ọn?" Kí ẹ sì tan ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ inú fóònù yín kó tó dáhùn.